Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Ewédú Ni Wọ́n Fi Ń Hun Àpò Kòkó?

Ìjà kékeré kan ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà òjò tó kọjá, a wà nílé Ìyá Kékeré, àbúrò màmá mi, ní Kàbà. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń já ewédú sínú abọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì jókòó tì í, fóònù lọ́wọ́. Ló bá gbójú sókè, ó ní, "Màmá, ẹ ò mọ̀ pé àpò lẹ̀ ń já yẹn?"

"Àpò báwo?"

"Àpò kòkó, Màmá. Ewédú yìí ni wọ́n fi ń hun ún."

Bọ̀dá kan tó máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Bùnú wà níbẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń di kòkó, òun ò tíì rí àpò tó ń yọ̀. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ojú ti ọmọ ọlọ́mọ.

Ká ní ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí, n kì bá tí kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sígbà náà tí ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn ará ilé wa pé jute, ohun tí wọ́n fi ń hun àpò kòkó, ti di wúrà, pé òyìnbó ń bọ̀ wá kó ewédú lọ́wọ́ àgbẹ̀, àti pé òun ní "irúgbìn jute tòótọ́" tí òun ń tà. Iye tó pè é, n kò ní í kọ ọ́ síbí, kí ẹ má baà ní mo purọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wò ó, ṣé òótọ́ ni?"

Ọmọ yẹn ò parọ́. Bọ̀dá oníkòkó náà ò parọ́. Ohùn orí WhatsApp yẹn ló yẹ ká tú palẹ̀, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yẹn gan-an ló sì lè kó èèyàn sí gbèsè.

Kí ni jute gan-an?

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń fi orúkọ kan ṣoṣo yìí pè, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ṣẹ̀. Ohun ọ̀gbìn tó wà lóko ń jẹ́ jute. Fọ́nrán tí wọ́n bó lára rẹ̀ ń jẹ́ jute. Àpò tàbí aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán náà hun, jute náà ni. Àwa náà kúkú ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí òwú: òwú ló wà lóko, òwú ni nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú egbò, òwú náà ni télọ̀ ń fi ránṣọ. Bí ẹnì kan bá ní òun ń ta jute, ẹ kọ́kọ́ bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fọ́nrán ni ohun tín-ín-rín, gígùn, tó dà bí irun àmọ́ tó yi, tí a lè lọ́ pọ̀ di okùn tàbí kí a ran án bí ìgbà tí àwọn ìyá wa ń ran òwú. Nínú gbogbo fọ́nrán tí wọ́n ń rí lára ewéko láyé, òwú nìkan ló pọ̀ ju jute lọ.

Àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ohun ọ̀gbìn náà ní Corchorus. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì péré ni wọ́n ń gbìn tìtorí fọ́nrán. Ọ̀kan ni Corchorus capsularis, jute funfun, tí èso rẹ̀ rí roboto. Èkejì ni Corchorus olitorius, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní tossa. Èso tirẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ilá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ẹni tó bá ti fi ewédú sílẹ̀ kó gbó rí nítorí irúgbìn mọ èso gígùn yìí dáadáa, nítorí pé Corchorus olitorius ni ewédú, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní oóyọ́. Òun gan-an ni, kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Kódà olitorius tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀rọ̀ Látìn tó jẹ mọ́ ọgbà ẹ̀fọ́ ni. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà mọ̀ pé ọbẹ̀ ló ń lọ.

Àwa nìkan sì kọ́ là ń jẹ ẹ́. Àwọn ará Íjíbítì ń sè é, mulukhiyah ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Bẹ̀ngálì, agbègbè tó pín sí Íńdíà àti Bangladesh, tí wọ́n ń fi ṣe àpò jù lọ láyé, náà ń jẹ ewé rẹ̀. Inú ẹbí kan náà ni ilá, ìṣápá, òwú, kòkó àti obì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ewédú àti ilá fi jọ ń yọ̀.

Níbo ni okùn wà lára ewédú?

Gbogbo ẹni tó ti já ewédú rí ti fọwọ́ kàn án, kò kàn fiyè sí i ni. Nígbà tí ewédú bá ṣì kéré, ewé rẹ̀ á já péú. Bó bá ti ń gbó, o fa ewé, ewé náà ò já bọ̀rọ̀, èèpo ara igi á tẹ̀ lé e wálẹ̀ bí òwú tó tú lára aṣọ. Ìyá Kékeré a máa kùn sí i: "Èyí ti gbó jù, ó ti ń fa okùn." Ó ti dárúkọ jute, kò mọ̀.

Ẹ mú igi ewédú tó ti ga dé ìbàdí, kí ẹ ṣẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ á dún pọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n kò ní í já sí méjì, èèpo á dì í mú. Ẹ wá fi èékánná bó èèpo yẹn látorí dé ìdí, kí ẹ nà án sí oòrùn. Lẹ́yìn àwọ̀ ewé tó wà lójú rẹ̀, ẹ ó rí ìlà funfun tín-ín-tìn-tín tó tò lọ gbọọrọ. Fọ́nrán nìyẹn. Àtè kan tó wà láàárín wọn ló so wọ́n mọ́ra, tó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ igi inú. Igi inú yẹn ní tirẹ̀ funfun, ó fúyẹ́, bó bá gbẹ ó ń jóná bí ẹní ṣáná sí pákó.

Ibí ni jute ti yàtọ̀ sí òwú. Ara kóró ni òwú ti ń wú jáde, ó ti mọ́ kí èèyàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí a yọ kóró ló kù. Fọ́nrán jute sá pamọ́ sínú èèpo, àtè bò ó mọ́lẹ̀. Kànìnkànìn ìbílẹ̀ tí a fi ń wẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù, èyí tí wọ́n ń lù títí gbogbo ẹran ara rẹ̀ á fi kúrò tí fọ́nrán nìkan á kù. (Okùn tí a fi ń di nǹkan ni mò ń wí láti àárọ̀ o, kì í ṣe Okun tí àwa ará Kàbà fi ń kíra wa.)

Kí ló dé tí ewédú ẹ̀yìnkùlé kò fi tó ṣe àpò?

Nítorí ewé la gbìn ín fún. Àwa ń rẹ́ orí rẹ̀ kó lè pẹ̀ka, ká lè tún rí ewé já lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fún ẹni tó ń wá fọ́nrán, ẹ̀ka ni ọ̀tá, torí pé ibi tí ẹ̀ka bá ti yọ ni fọ́nrán ti ń já. Igi kan ṣoṣo tó lọ gbọnrangandan láìpẹ̀ka lòun ń fẹ́. Ó ń gbìn ín pọ̀ mọ́ra débi pé igi kọ̀ọ̀kan á máa bá èkejì du oòrùn. Ẹ wo máńgòrò tó dá dúró lójúde àti èyí tó wà nínú igbó kìjikìji: tójúde á fẹ̀, tinú igbó á ga.

Ọjọ́ orí tún ni. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí já ewédú. Jute tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àpò ń lò tó 120 ọjọ́ lórí ilẹ̀, ó sì ń ga tó mítà 2.5 sí 4, ìyẹn ni pé ó ga ju ọkùnrin tó gùn jù nílé yín lọ dáadáa. Irú rẹ̀ náà yàtọ̀. Láti ìran dé ìran ni àwọn àgbẹ̀ tiwa ti ń ṣa irúgbìn lára èyí tí ewé rẹ̀ pọ̀, tí àwọn ará Bẹ̀ngálì sì ń ṣa tiwọn lára èyí tó ga. Ajá ọdẹ àti ajá tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà, ajá ni méjèèjì.

Ohun kan ṣì wà tí ẹni tó ń ta irúgbìn kì í sọ, bóyá òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ewéko yìí ń ka wákàtí. Bí ojúmọmọ bá gùn, yóò máa ga lọ. Bí ojúmọmọ bá kúrú, yóò gbà pé ìgbà ti ń lọ, yóò yọ òdòdó. Tó bá sì ti yọ òdòdó, gíga parí. Ní Bẹ̀ngálì, ní oṣù kẹfà, ojúmọmọ ń gùn tó wákàtí 13 àti ààbọ̀. Ní Kàbà tàbí Ìsánlú, níbi tí a ti sún mọ́ àárín ayé, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún kì í ju wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ púpọ̀. Ẹni tó bá gbin ewédú sí akùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí mò ń sọ: kò tíì ga dé orúnkún tí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀ á ti yọ. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ò dára, oòrùn ló tètè wọ̀.

Báwo làwọn tó ń fi ṣòwò ṣe ń gbìn ín?

Orílẹ̀-èdè méjì, Íńdíà àti Bangladesh, ló ń pèsè èyí tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ nínú jute gbogbo ayé. Ibi tí odò Ganges àti Brahmaputra ti pàdé tí wọ́n ń ya wọ òkun ni ilé rẹ̀. Àwa tí a mọ Lọ́kọ́jà, níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, lè fojú inú wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: àkúnya odò á wá, á fi ẹrẹ̀ tuntun sílẹ̀, á lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbóná, ó sì lọ́rinrin, òjò rẹ̀ sábà máa ń ju mílímítà 1,500 lọ lọ́dún. 

Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni wọ́n ń gbìn ín. Irúgbìn rẹ̀ kéré gan-an, gíráàmù kan lè tó kóró 500, nítorí náà bíi kílò 5 sí 7 ti tó fún hẹ́kítà kan, tó jẹ́ nǹkan bí éékà méjì ààbọ̀. Ọ̀nà àtijọ́ ni kí wọ́n fọ́n ọn, ọ̀nà tuntun ni kí wọ́n gbìn ín ní ìlà. Èèpo kóró rẹ̀ le, pàápàá ti ewédú tiwa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń di irúgbìn ewédú sínú aṣọ, tí wọ́n á rì í bọ inú omi gbígbóná, tí wọ́n á sì yọ ọ́ kíákíá kí wọ́n tó lọ gbìn ín. Wọn ò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé bẹ́ẹ̀ ni: ooru ń la èèpo kóró náà kí omi lè wọlé. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kóró náà kì í ṣe jíjẹ o, májèlé wà nínú rẹ̀.

Bó bá hù, wọ́n á ro ó, wọ́n á fa èyí tó pọ̀ jù tu. Èyí tí wọ́n fà tu ló ń di ẹ̀fọ́ fún ilé. Bó bá wá ń yọ òdòdó tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, dòjé wọlé. Tí wọ́n bá gé e ṣáájú ìgbà yẹn, fọ́nrán á kúnná ṣùgbọ́n kò ní yi. Tí wọ́n bá jẹ́ kó gbó jù, á le bí igi. Wọ́n á dì í ní ìdì, wọ́n á fi sílẹ̀ lóko fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kí ewé lè gbọ̀n dànù sórí ilẹ̀, ewé yẹn á sì di ìlẹ̀dú fún ìrẹsì tí wọ́n máa gbìn tẹ̀ lé e.

Kí ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi sí?

Ẹ̀yin tí ẹ ti rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú rí, ẹ ti mọ ìdáhùn. Kí ló ń sọ ẹ̀gẹ́ líle di rírọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan? Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ni, wọ́n ń jẹ ohun tó so ẹran ara ẹ̀gẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lára jute. Àtè tí mo ní ó so fọ́nrán mọ́ra yẹn ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, fọ́nrán á tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìdí igi jute nípọn ju orí rẹ̀ lọ, nítorí náà àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ìdí nìkan sínú omi fún bí ọjọ́ méjì mẹ́ta, kó tó wá tẹ́ gbogbo ìdì náà gbalaja. Á fi ewé orí omi bò ó, á gbé nǹkan wúwo lé e kó má baà léfòó. Bó bá jẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí amọ̀ ló gbé lé e, fọ́nrán rẹ̀ á dúdú, oníbàárà á sì já owó rẹ̀ lulẹ̀. Omi tó dára jù ni èyí tó mọ́ tó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá ń sáré, á gbé àwọn kòkòrò yẹn lọ. Bó bá dúró pa, á rùn, á sì ba àwọ̀ fọ́nrán jẹ́. Ọjọ́ 10 sí 30 ló lè gbà, bí omi bá ṣe gbóná tó. Wọn kì í kàn ka ọjọ́ kí wọ́n lọ kó o. Tó bá ti lé lọ́jọ́ mẹ́jọ, wọ́n á máa yọ igi kan wò, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Bí èèpo bá yọ́ kúrò lórí igi wọ̀ọ̀, ó ti jinná. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, àwọn kòkòrò náà á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ fọ́nrán fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó ń pa èèyàn lára: kí ọkùnrin dúró nínú omi tó mù ú dé ìbàdí, kó fi kùmọ̀ lu ìdí ìdì, kó ṣẹ́ igi inú rẹ̀, kó sì máa jà á pàkàpàkà nínú omi títí igi á fi yọ kúrò tí fọ́nrán á kù lọ́wọ́ rẹ̀ bí irun arúgbó. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sórí ọparun fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Nínú 100 kílò igi tútù, bíi 5 sí 6 kílò fọ́nrán gbígbẹ ni wọ́n ń rí. Àpò kòkó kan sì wúwo tó kílò kan tàbí kó lé díẹ̀. Èyí ni pé igi jute tútù bíi 20 kílò ló wà nínú àpò kan ṣoṣo tí bọ̀dá wa ń jù sẹ́yìn ọkọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn ún, pinnu láti fi hàn wá. Ó gé ewédú méjìlá tí Ìyá Kékeré fi sílẹ̀ nítorí irúgbìn, èyí tó gùn tó apá méjì, ó já ewé rẹ̀ dànù, ó rẹ ẹ́ sínú báfù òjò lẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbé òkúta lé e. Ní ọjọ́ kẹrin, òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Kékeré ní: "Ta ló kú sẹ́yìn ilé mi?" Ọmọ náà ń bẹ̀ ẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ ló kù, Ìyá ní fùfú kì í rùn báyìí, ọmọ náà ní ìyẹn nítorí pé ẹ máa ń pààrọ̀ omi rẹ̀, Màmá. Ní ọjọ́ kejìlá, èèpo náà ti rọ̀ bí àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ó fà á, ó fọ̀ ọ́ nínú omi mẹ́ta, ó sá a sórí okùn aṣọ. Nígbà tí mo padà dé Kàbà, ẹ̀kúnwọ́ kan péré ló kù nínú igi méjìlá, àwọ̀ rẹ̀ dà bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo tó gbẹ, ó ń dán. Mo mú fọ́nrán kan ṣoṣo, mo fà á. Ó gé mi lọ́wọ́ kó tó já.

Kenaf wá ńkọ́?

Kenaf ni ohun ọ̀gbìn mìíràn, Hibiscus cannabinus, tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò pẹ̀lú ìṣápá. Ràmá ni àwọn Haúsá ń pè é, wọ́n ń jẹ ewé rẹ̀, wọ́n sì ń fi èèpo rẹ̀ lọ́ okùn, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ewédú bá ń ṣe iṣẹ́ méjì. Inú èèpo ni fọ́nrán tirẹ̀ náà wà, inú omi ni wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sí. Fọ́nrán rẹ̀ jọ ti jute débi pé àwọn tó ń ṣírò ọjà sábà ń kà wọ́n pọ̀. Nítorí náà àpò tí ẹ ń pè ní àpò jute lè jẹ́ àpò kenaf. Ó fara da ọ̀dá ju jute lọ, ìyẹn sì mú un bá ilẹ̀ wa mu díẹ̀. Ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IAR&T (Institute of Agricultural Research and Training) ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ni iṣẹ́ ìwádìí kenaf àti jute wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé ewé kenaf jọ ewé igbó tí wọ́n ń mu bíi sìgá, ìyẹn ló bí cannabinus inú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn aládùúgbò mọ̀.

Kí ló dé tí kòkó ń wọ jute, tí gààrí ń wọ ike?

Kòkó ń mí. Bí wọ́n tilẹ̀ sá a gbẹ, ọ̀rinrin díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, tó bá wà nínú àpò tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á bu. Ojú àpò jute ṣí, fọ́nrán rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń fa ọ̀rinrin mu, ó ń tú u sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kòkó àti kọfí tó ń lọ sókè òkun fi ń wọ̀ ọ́. Àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kòkó kan.

Nígbà kan, gbogbo nǹkan ló ń wọ jute. Dundee, ìlú kan ní Scotland, ló kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di òwò ńlá láti àwọn ọdún 1830. Fọ́nrán náà gan débi pé ẹ̀rọ ń já a, àfi ìgbà tí wọ́n fi òróró àbùùbùtán, ẹranko ńlá inú òkun, rọ̀ ọ́. Dundee náà sì nìyí tó ń pa àbùùbùtán. Ní 1855 ni ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ dé Rishra, nítòsí Calcutta, létí oko tí jute ti ń wá, ìgbà tó ṣe, Íńdíà gba òwò náà lọ́wọ́ Dundee. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà ní 1947, èyí tó pọ̀ jù nínú oko jute bọ́ sí apá tó di Bangladesh lónìí, ilé iṣẹ́ ṣẹ́ kù sí Calcutta. Ẹ fojú inú wo kí ọlọ wà ní Ẹ̀gbẹ̀, kí ata wà lódì kejì ibodè.

Ike tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe ló wá lé jute kúrò lọ́jà. Àpò funfun tí a ń kó gààrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ sí, ike híhun ni. Ó pọ́nwọ́, òjò ò ràn án, eku nìkan ló mọ bó ṣe ń dùn tó. Ṣùgbọ́n kì í jẹrà. Àpò jute tí ẹ bá jù sóko á di ilẹ̀, ike tí ẹ jù sóko á bá ọmọ yín níbẹ̀. Bangladesh fòfin de àpò ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ní 2002, Íńdíà sì ti ní òfin láti 1987 tó fi dandan lé e pé kí wọ́n máa kó oúnjẹ oníkóró àti ṣúgà sínú jute.

Bọ̀dá oníkòkó wa tún fi kún un pé àwọn àpò jute kan máa ń rùn bí kẹrosíìnì. Ó tọ̀nà. Òróró tí wọ́n fi ń rọ fọ́nrán nílé iṣẹ́ lè jẹ́ irú epo rọ̀bì, òórùn rẹ̀ á sì wọ kòkó lára. Fún ohun jíjẹ, àpò tí wọ́n fi òróró ewébẹ̀ ṣe ni àwọn olùrà ń béèrè báyìí. Ẹ máa gbóòórùn àpò kí ẹ tó ra.

Ṣé kí n wá gbìn ín tà?

Ìbéèrè tí wọ́n ń pè mí sí nìyí. Bó bá jẹ́ èmi, n kò ní í gbìn ín tìtorí fọ́nrán.

Kì í ṣe torí pé kò ní hù. Gbin ín ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, gé e ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, omi á ṣì kún odò. Omi yẹn gan-an ni wàhálà. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ àtè ń lo afẹ́fẹ́ inú omi tán, omi á dúdú, á rùn, ẹja á kú. Ní abúlé tí wọ́n ti ń pọn odò mu, ta ló máa jẹ́ kí o tẹ́ ìdì rẹpẹtẹ sínú omi ìyàwó rẹ̀? Ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa pè ọ́ dé ààfin. Ọ̀nà àbáyọ kan wà: kí a bó èèpo náà lára igi nígbà tó ṣì tútù, kí a rẹ èèpo nìkan sínú kòtò tí a tẹ́ tapólì sí. Omi tó ń lò kéré, ọjọ́ rẹ̀ ń dín kù tó ìdajì, igi inú á sì gbẹ di igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ń bó o, ọwọ́ sì ti wọ́n lóko lóde òní.

Èkejì ni ẹni tó máa rà á. Fọ́nrán kì í ṣe iṣu tí èèyàn lè gbé lọ sọ́jà Ìyàrá, kó sì tà á kí oòrùn tó wọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ìranwú àti òfì ńlá ló ń rà á, tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù ló sì ń fẹ́. Ẹni tó bá ń ta "irúgbìn jute tòótọ́" fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Corchorus wo ni, tàbí kenaf ni? Ilé iṣẹ́ wo ló máa rà á, níbo, iye wo ló kọ sínú ìwé? Ibo la ti máa rẹ ẹ́? Mo bi ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ sí WhatsApp wa. Ó fi àwòrán oko kan ní Bangladesh ránṣẹ́ sí mi.

Ewé rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ń tà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, láàárín oṣù kan owó ti wọlé, odò kankan ò sì bàjẹ́. Ẹni tó bá fi díẹ̀ sílẹ̀ kó gbó nítorí irúgbìn lè bó èèpo igi rẹ̀, kó fi so ìtàkùn iṣu mọ́ òpó dípò okùn ọ̀rá tó ń ṣẹ́ kù sínú ebè lọ́dọọdún. Tí a bá kórè iṣu, okùn náà á ti jẹrà. Ẹni tó bá ní ibi tí ọ̀gbàrá ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé lè wá ògbólógbòó àpò kòkó, kó tẹ́ ẹ sójú rẹ̀, kó gbin koríko sí i. Á di ilẹ̀ mú títí gbòǹgbò á fi wọlẹ̀. Wọ́n ń hun jute ní àwọ̀n nítorí iṣẹ́ yìí gan-an láwọn ìlú mìíràn, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ló ń rà á.

Ẹ̀kúnwọ́ fọ́nrán ọjọ́ yẹn ṣì wà. Ìyá Kékeré gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, ó jókòó, ó ká ìró kúrò lórí orúnkún, ó lọ́ ọ lórí itan rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ́ okùn nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Bùnú, ó ń fi itọ́ tọ́ ọ, ó ń fi ọwọ́ òsì fà á gùn. Nígbà tó parí, ó tó okùn apá mẹ́ta. Ó wọlé, ó fi so ẹnu àpò èlùbọ́ rẹ̀, àpò ike funfun, ó sì dè é kókó méjì.